Ojúlé Kọkànlélógójì

Ìjọba ló kọ́ ọ. Ìbò ni wọ́n fi pín in.
Bàbá mi, akọ̀wé ní Mínísírì Iṣẹ́ Òde l'Ákùúrẹ́,
ki ọwọ́ bọ garawa, ó fa bébà kékeré kan yọ,
ogójì lé kan ló wà lára rẹ̀.
Ó ká a bí ẹní ká owó, ó fi há inú bàtà
títí ó fi délé.

Ọgọ́ta ilé, ojú kan náà:
yàrá méjì, pálọ̀ kan, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé tí ọ̀dà rẹ̀ ń bó,
fèrèsé onígíláàsì pẹlẹbẹ
tí olè lè yọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹní ń ṣa eyín.
Àwọn ọmọ Ìsìnkàn a máa pè wá ní
ọmọ inú páálí ìṣáná.
Bàbá àgbà wá wò wá lẹ́ẹ̀kan.
Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní,
"Ibo ni ojú oórì máa wà níbí?"
Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ìyá mi bu omi fún un.

Omi ẹ̀rọ kì í dé àfi láago méjì òru.
Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ wúkọ́, á tutọ́ pupa,
Ìyá Ọmọ́lẹ̀yẹ á gbá ògiri lẹ́ẹ̀mẹta,
gbogbo àdúgbò á sì máa ru garawa nínú òkùnkùn,
láìfọhùn, bí ẹni tó ń jí omi ara rẹ̀.

Àmọ́ alẹ́ tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí.
Iná ti lọ láti ọjọ́ Ajé. Òjò ń rọ̀.
Bàbá sọ̀ níbi ìyànà, ó ń kà á bọ̀:
ilé kan, ilé méjì, igi mángòrò, ilé kẹta.
Kò mọ̀ pé wọ́n ti gé mángòrò àkọ́kọ́ lọ́sàn-án.
Ó wọlé. Ó bọ́ bàtà síbi tí bàtà ń gbé.
Ó jókòó sórí àga tó wà níbi tí àga rẹ̀ wà.
Ó ní, "Ebi ń pa mí o."
Wọ́n gbé iyán wá.
Ó ti jẹ òkèlè mẹ́fà kó tó gbé àtùpà sókè,
kó tó rí i pé ọmọ tó kúnlẹ̀ gbé omi dání
kì í ṣe èmi.

Ilé Akínbọ̀bọ́lá ni.
"Ẹ ò ṣe sọ fún mi?"
Ìyàwó Akínbọ̀bọ́lá ní, "Ebi lẹ sọ, sà.
Ẹ ò sọ pé ẹ ṣìnà."
Ó jẹ ẹ́ tán.
Ìyá mi ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta,
kì í ṣe torí pé ó ṣi ilé wọ̀,
torí ó ní ọbẹ̀ náà dùn.

Arógundádé ló kọ́kọ́ mọ ògiri,
ó to àfọ́kù ìgò sí i lórí.
Bọ́ọ̀lù wa wọ ibẹ̀, kò jáde mọ́.
Nígbà tó fi di Kérésì, ògiri mẹ́sàn-án.

Bàbá wà ní ìtẹ́ òkú ìjọ báyìí.
Nọ́ńbà wà lára tirẹ̀ náà.

Mo padà lọ lóṣù Ọ̀wẹwẹ̀.
Kò sí ilé méjì tó jọra mọ́:
òmíràn ti di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òmíràn gbé orí kìnnìún há géètì.
Máígádì ní, "Ta lẹ̀ ń wá?"
Mo ní ojúlé kọkànlélógójì.
Ó ní kò sí nọ́ńbà mọ́, kí n dárúkọ onílé.
Mo dárúkọ bàbá mi. Ó mi orí.
Láti inú, lẹ́yìn ògiri, mo gbọ́ ọmọrí odó,
kì, kì, kì,
òórùn ọbẹ̀ sì gba abẹ́ géètì jáde.
Mo ní, "Ebi ń pa mí o,"
jẹ́jẹ́, sí irin.
Ó ní, "Kí lẹ wí?"
Mo ní kò sí.